Ohun Tí Wọn Kì Í Sọ fún Dókítà

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì

Ìwádìí wa bẹ̀rẹ̀ lónìí, mi ò sì rí nǹkan kan dì bọ̀ wá sílé. Láti àárọ̀ kùtù ni mo ti jókòó sí ilé ìwòsàn ní Bantama, ní Ghana níbí, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo to ìwé ìbéèrè síwájú bí ẹni tó pàtẹ ẹ̀pà. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń bi. Ìbéèrè náà kò le: yàtọ̀ sí hóró oògùn tí dókítà kọ fún yín, kí lẹ tún ń lò? Ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe òróró àdúrà, ìbáà ṣe omi wàláà tí àwọn àáfà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì, ẹ sáà sọ ọ́. Gbogbo wọn ní àwọn kì í lo nǹkan kan. Bàbá kan wà tí ọrùn ìgò àgbo yọ látinú àpò rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó fi Twi sọ pé rárá, "Daabi, ọmọ mi, mi ò lo nǹkan kan." Mo wo ìgò, òun náà wo ìgò, a jọ gbójú kúrò níbẹ̀.

Ọlábùnmí tí a jọ ń ṣe ìwádìí náà kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Òṣogbo ni, onígbàgbọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì pín fún un. Ó ní ìyá kan ń ta sánsán òróró olífì láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ òróró àdúrà.

Dókítà Kwabena tó ń darí wa yọjú nírọ̀lẹ́, ó yẹ ìwé wa wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní èyí fi hàn pé àwọn aláìsàn òun ń gbọ́ràn. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé, abẹ gé e nìyẹn lójú tirẹ̀. 

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo dán ìwé ìbéèrè náà wò lára Ìyá Àbídà nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ilé rẹ̀ ní Ash-Town ni mò ń sùn, ọbẹ̀ rẹ̀ ni mò ń jẹ láti ìgbà tí mo ti Ìlọrin dé láti wá kàwé nípa oògùn pípò. Òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní tí òun bá lè purọ́ fún mi, ta ni kò ní purọ́?

Ó purọ́. Ó ní, "Hóró tí dókítà fún mi nìkan ni mò ń lò." Ìgò omi wàláà tí Àáfà Úthmàn fún un sì wà lórí fìríìjì, ó ń wò wá.

Mo nawọ́ sí i. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn."

"Kí ló dé?"

"Ràyhànátù, ọkùnrin kì í gbé abọ́ ìyálé lọ jẹun níwájú ìyàwó. Tí mo bá sọ ọ́ fún dókítà, á ní mo fojú di òun. Tí Àáfà bá sì gbọ́ pé mo ń ka iṣẹ́ òun fún dókítà, á ní ọkàn mi ò balẹ̀ sí òun. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn gbà? To, jẹ́ kí n lọ se ọbẹ̀ mi."

 Èmi tí mo ti ń rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ọ̀wọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo kó gbogbo ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé mo ní láti tún un ṣe.

Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó sùn. Ó ga díẹ̀, kò burú.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A ń retí òṣù ààwẹ̀. Ọjà Kejetia kún débi pé wọ́n gbé mi rìn ni, ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Èso dàbínù ti gbówó lórí, ṣúgà náà ti gbówó lórí, tòmátì nìkan ló ń ṣàánú. Ìyá Àbídà tajà wàràwàrà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹní ìkírun, ìborùn, tẹ̀súbáà. Ó ń pariwo iye owó lédè Twi, lédè Haúsá, ó ń fi Yorùbá bú mi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ.

Mo bá Dókítà Kwabena sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bọ́ ẹ̀wù funfun, kí n lọ bá àwọn ìyá àsàlátù wa ní mọ́ṣáláṣí lásìkò tàfúsírì, ìwàásù ààwẹ̀. Ó kọ́kọ́ bojú jẹ́. Nígbà tó yá ó ní kí n lọ, kí n ṣáà mú àbọ̀ wá nígbà tí ààwẹ̀ bá parí.

Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní. Oòrùn yìí kò mọ̀ pé a ò mu omi.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrin

Alihamdulilai. Mo ti rí ọ̀nà.

Lẹ́yìn tàfúsírì, mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ìyá, mo wọ híjáàbù mi, mi ò mú ìwé kankan jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo ní èmi apòògùn yìí, tí nǹkan oṣù mi bá dé, àgbo tí ìyá mi kọ́ mi ni mo máa ń sè, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún dókítà kankan rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Hàbíbà tó ń ta ògì kóòkó ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: òun ń jẹ aáyù pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ ní gbogbo àárọ̀. Ẹnì kejì ní òun ń lọ fa ẹ̀jẹ̀ ara jáde lọ́dọ̀ ẹlẹ́híjámà. Ẹnì kẹta ní bítà inú ìgò, ẹnì kẹrin ní òróró kóró dúdú àwọn Lárúbáwá. Omi wàláà Àáfà Úthmàn sì ni gbogbo wọn jọ ń mu. Mo ní ṣé mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìkọ orúkọ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, àfi ìyá kan tó ní òun fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé, òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ mí mọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹfà

Ọjọ́ òmìnira Ghana, kò síṣẹ́. Mo ń tún yàrá Ìyá Àbídà ṣe ni mo rí páálí oògùn rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan hóró kan láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í. Ó ní oògùn ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Mo ní kó lò ó lásìkò sààrì. Ó ní kò sí ìdí, omi wàláà tó fún òun. "Wo Àáfà Úthmàn. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Kò fi hóró oògùn kan ẹnu rí láyé rẹ̀. Ó ń wàásù láti ọ̀sán títí di àsárì, ohùn rẹ̀ kò há. Wàláhì, ohun tó gbé e ró á gbé èmi náà ró."

Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá mi. Ìyá Àbídà nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Ẹ̀rù bà mí lónìí débi pé mo kàn ń wo oúnjẹ ìṣínu, mi ò lè jẹ ẹ́.

Àlàádì, ọjọ́ kẹsàn-án

Àáfà Úthmàn gbà kí n fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Kì í ṣe nǹkan kékeré. Kò sí ọmọ Ìlọrin tó ṣàìsàn ní àdúgbò wa tí kò mu omi wàláà rẹ̀ rí. Mo ka ìwé ìlérí sí i létí: ohun tó bá sọ kò ní jáde lẹ́nu mi, mi ò ní sọ ọ́ fún ará ilé, mi ò ní sọ ọ́ fún ará oko. Ó fi Lárúbáwá fọwọ́ sí i.

Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí láìfi nǹkan pamọ́. Ó fi yíǹkì tàdáwà kọ ẹsẹ̀ Kùránì sára pátákó wàláà, ó fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ sínú àwo, ó da omi náà sínú ìgò. Tó bá jẹ́ ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ó máa ń po ewé zògálè gbígbẹ, ìyẹn mòríńgà, mọ́ ọn. Mo ń kọ, inú mi ń dùn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo wá bi í, bó ṣe wà nínú ìwé: "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Àáfà? Kí lẹ máa ń lò?"

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò jalàmíà rẹ̀, ó fa páálí oògùn kan yọ. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan náà tí Ìyá Àbídà pa tì sínú yàrá ni.

Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ òun ti ń ru. Òun ń mu wàláà, òun sì ń gbé hóró mì, lásìkò sààrì nínú ààwẹ̀. Ilé oògùn kan ní ìpẹ̀kun Bantama níbi tí wọn ò ti mọ òun ni òun ti ń rà á, fésìkáàpù ni òun sì máa ń dé lọ. Mo fojú inú wo Àáfà Úthmàn nínú fésìkáàpù, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi í pamọ́?"

Ó ní, "Ọmọ mi, tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní wàláà mi ti dòfo. Ẹni tó ń ta omi kì í jẹ́ kí oníbàárà rí òùngbẹ òun."

Ìgbà tí mo dé ojú títì ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Gbólóhùn kan péré ló lè mú Ìyá Àbídà padà sídìí oògùn rẹ̀. Ẹnu mi ló wà, mo sì ti búra pé kò ní jáde.

Àtìní, ọjọ́ kẹwàá

Ọlábùnmí ní ojú mi rẹ̀wẹ̀sì, kí ló ṣe mí. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó fún mi ní paracetamol, ó ní, "Kọ èyí náà sínú ìwádìí."

Àlàrùba, ọjọ́ kejìlá

Ìfúnpá Ìyá Àbídà ti gòkè gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Ó ní tí Àáfà bá ní kí òun lo hóró, òun á lò ó. Mo ní kó lọ bi Àáfà. Ó wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ rírùn.

"Kí n lọ bi Àáfà pé ṣé omi wàláà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ahọ́n mi. Dípò kí n sọ ọ́, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àsárì mo lọ bá Àáfà fúnra rẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹnì kan wà nínú àwọn tó ń mu omi wàláà rẹ̀ tó ti pa oògùn dókítà tì nítorí rẹ̀.

Ó ní, "Mo ní kí wọ́n mu wàláà. Mi ò ní kí wọ́n pa oògùn tì."

"Ẹ ò sọ ọ́, Àáfà. Ohun tí wọ́n rí lára yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé."

 Ó ní kí n máa lọ sílé, pé òun á rò ó. Kí ló fẹ́ rò? Mo fi ìbínú rìn délé, mo fi ẹsẹ̀ gbá òkúta lójú ọ̀nà. Kí Ọlọ́run má ka èyí mọ́ ààwẹ̀ mi lọ́rùn.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò àkọ́rọ̀. Iná lọ láti ọ̀sán. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Àtìní, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lukman tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àbídà ló pè mí. Ó ní Ìyá Àbídà ń ka ìborùn fún oníbàárà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn rọ wọ̀ọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Lukman àti àwọn alábàárù kayakaya gbé e la ọjà kọjá dé inú takisí. Bí mo ṣe dé Bantama, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ìborùn oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Dókítà Kwabena sáré gan-an, mi ò ní gbàgbé ìyẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọwọ́ náà ti ń mú nǹkan, ọ̀rọ̀ sì ti ń já geere. Ó ní ìkìlọ̀ ni èyí, pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó wá bi í ní Twi, jẹ́jẹ́, pé ṣé nǹkan mìíràn wà tó ń lò.

Ìyá Àbídà fi ahọ́n tí kò tíì yá tán yẹn dáhùn pé, "Daabi."

Mo bọ́ síta, mo sunkún lẹ́yìn ọgbà níbi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí Àáfà, inú ń bí mi sí ara mi tí mo mọ òfin ìwádìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àlàmísì, ọjọ́ ogún

Wọ́n ti jẹ́ ká máa bọ̀ nílé láti àná. Kí n kọ ti òní bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Lẹ́yìn àsárì, Àáfà Úthmàn wá bẹ aláìsàn wò, pẹ̀lú Hàbíbà àti àwọn ìyá àsàlátù. Yàrá kún. Wọ́n ṣàdúrà, a ṣe àmín. Ìyá Àbídà ti jókòó, ó ti gbé gèlè wé nítorí àlejò. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dìde. Àáfà ní, "Ràyhànátù, gbé ẹ̀rọ ìfúnpá rẹ wá."

Mo gbé e wá sọ́dọ̀ Ìyá Àbídà. Ó ní, "Rárá, èmi ni." Ó ká ọwọ́ jalàmíà rẹ̀ sókè. Mo wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n kà á síta. Ó dáa, ó dáa gan-an. Àwọn ìyá mí kanlẹ̀. Hàbíbà ní, "Iṣẹ́ wàláà nìyẹn."

Àáfà ní, "Iṣẹ́ wàláà nìkan kọ́." Ó yọ páálí oògùn látinú àpò rẹ̀, ó gbé e ka orí ẹní níwájú Ìyá Àbídà.

 Ìyá Àbídà mú páálí náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Hájíà."

"Kí n tó máa mu omi wàláà yín?"

"Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ pa mí, Àáfà."

"Mo mọ̀. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo fi í pamọ́ nítorí iyì mi, ẹ̀yin lẹ jìyà rẹ̀. Ẹ forí jì mí." Odidi Àáfà, ó tẹ orí ba lójú àwọn tó ń wàásù fún.

  Èmi ni Ìyá Àbídà yíjú sí. "Ìwọ mọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ rárá.

Ó ní, "Ó mọ̀. Mo ń kú lọ lójú rẹ̀, kò sì sọ ọ́." Mo rò pé ayé mi ti bàjẹ́ nílé yẹn. Ó tún wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Tó bá lè pa ti Àáfà mọ́ báyìí, a jẹ́ pé yóò pa tèmi náà mọ́. Lọ gbé ìwé ìbéèrè rẹ wá. Ti ọjọ́sí yẹn, irọ́ ni mo pa."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ fún Àáfà pé òun ti forí jì í, àmọ́ kó ra ìgò omi tútù fún òun nítorí kò sí ààwẹ̀ fún aláìsàn. Ó gbé hóró rẹ̀ mì lójú gbogbo wa. Àwọn ìyá tò sílẹ̀kùn yàrá mi títí ìṣínu fi tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọlé wá fi ohun tó fi pamọ́ kún ìdáhùn rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jẹ abọ́ ìrẹsì méjì.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọlábùnmí gbọ́ bí mo ṣe ṣe é lórí ẹní, òun náà so ìró, ó lọ bá àwọn ìyá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé òun ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ nígbà ìdánwò. Ó ní gègé òun gbẹ níbi tó ti ń kọ ìdáhùn wọn.

Àtìní, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìtúnu ààwẹ̀. Ìfúnpá Ìyá Àbídà ti wálẹ̀. Ó jẹ ẹran jù, mo sọ ọ́, ó ní kí n máa lọ kí àwọn èèyàn.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin

Ọjọ́ tí Dókítà Kwabena dá fún Ìyá Àbídà. Mo ti gbé àbọ̀ ìwádìí fún dókítà lánàá, ó kà á mọ́jú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun béèyàn ṣe ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ èmi náà.

Ìyá Àbídà kò dúró kí wọ́n bi í. Bó ṣe jókòó, ó ṣí àpò, ó gbé ìgò omi wàláà ka orí tábìlì dókítà.

Dókítà bi mí pé kí ni. Mo fẹ́ dáhùn, Ìyá Àbídà fọwọ́ dá mi dúró. Ó fi Twi ṣàlàyé fún un fúnra rẹ̀: wàláà, tàdáwà, omi, àdúrà, zògálè. Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó sún àga mọ́ ọn. Ó ní ewé yẹn lè máa fa ìfúnpá wálẹ̀ pẹ̀lú oògùn òun, òun ní láti mọ̀ nípa rẹ̀ kí òun má baà fún un ní àpọ̀jù. Kò ní kó má mu ún mọ́. Ó bi í bí ewé náà ṣe máa ń pọ̀ tó nínú ìgò.

Ìyá Àbídà ní òun ò mọ ìyẹn, ẹni tó ń ṣe é ló mọ̀ ọ́n.

Dókítà ní, "Ṣé mo lè rí ẹni náà?"

Ìyá Àbídà gbé ìgò rẹ̀ padà sínú àpò, ó tún ìborùn ṣe, ó dìde. "Ó ti wà níta láti àárọ̀," ó ní. "Òun ló kàn lórí ìlà."